Àpótí Kékeré Lẹ́nu Odò Komo: Ìtàn Kọ̀ǹpútà Orí Tábìlì ní Libreville

Ìlú Libreville, olú-ìlú ilẹ̀ Gabon, tí ó nà gbọọrọ sí apá àríwá ẹnu odò Komo níbi tí odò náà ti ń lọ pàdé òkun Àtìláńtíìkì, jẹ́ ìlú tí òkun bí, tí òkun sì ń tọ́. Àwọn Mpongwe ni onílẹ̀. Àwọn Faransé kọ́ odi sí etí omi náà ní 1843. Nígbà tí ó sì di 1849, wọ́n kó àwọn ẹrú 52 tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú kan tí ń jẹ́ Elizia wá síbẹ̀, wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ tí wọn yóò fi kọ́lé, wọ́n sì sọ ibùdó náà ní orúkọ tí ó fi òmìnira wọn hàn. Láti ìgbà náà wá ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ìlú náà ń lò, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tà á pàápàá, ti ń gba orí omi wọlé. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ pìtàn kọ̀ǹpútà níbẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjú sí èbúté kí ó tó kọjú sí ọ́fíìsì. Ìtàn tí mo sì fẹ́ pa kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà ńlá tí ìjọba ń fi ṣírò owó oṣù. Ìtàn àpótí kékeré ni, èyí tí kò ju ìwé ńlá kan lọ lórí tábìlì, àti ohun tí àwọn tí ó fi owó ara wọn rà á ti sọ láti ìgbà dé ìgbà nípa bí ó ti ń sáré tó, àti nípa bí a ti lè fi agbára kún un nígbà tí ọjọ́ orí bá dé sí i.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó gbà pé Èkó àti Ìbàdàn ni orísun ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní agbègbè wa ni kò gbọ́ rí pé, ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1971, àwọn ìjọba tí ń sọ èdè Faransé ní Áfíríkà fẹnu kò ní Fort-Lamy, ìlú tí a ń pè ní N'Djamena lónìí, láti dá Institut Africain d'Informatique sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi ibùjókòó rẹ̀ sí Libreville. Benin àti Tógò wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó jọ ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ tí orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò lè kúrò ní Kútọnu kí ó lọ di ọ̀mọ̀wé ẹ̀rọ ní ẹnu odò Komo, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ wa kò tíì fojú kan kọ̀ǹpútà rí.

Ẹ̀rọ ìgbà náà kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ní. Odindi yàrá ni ó ń gbà, afẹ́fẹ́ tútù ni a fi ń kẹ́ ẹ tọ̀sán tòru, páálí tí a dá ihò sí lára ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá sì wọ aṣọ funfun kì í sábà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àtàrí àjànàkú ni, kì í ṣe ẹrù ọmọdé: ìjọba, báńkì àti ilé iṣẹ́ epo nìkan ni ọrùn wọn gbà á. Gabon sì lówó epo lọ́wọ́ nígbà náà. Ó wọ ẹgbẹ́ OPEC ní 1975, ó sì gba àlejò àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ní ìpàdé OAU ti 1977 pẹ̀lú ìnáwó tí àwọn àgbà ìlú náà ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Owó epo yìí kan náà ni ó ń fa àwọn ará wa lọ síbẹ̀, àwọn Nàgó láti Àjàṣẹ́, Pobẹ̀ àti Kétu, tí wọ́n ń tajà, tí wọ́n ń ránṣọ, tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí àwọn mìíràn sì ń kọ́ni ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n àlejò kì í mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ọba méjì yóò dé bá a lórí ẹní. Ní 16 oṣù Ṣẹẹrẹ 1977, àwọn ọmọ ogun afowórà tí Bob Denard kó sòdí já wọ Kútọnu láti lé ìjọba Ààrẹ Kérékou ti Benin lọ, wọn kò rí i ṣe, Benin sì ka Gabon mọ́ àwọn tí ó wà nídìí ọ̀tẹ̀ náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sì wá di ìjà ojúkorojú láàárín àwọn olórí méjèèjì ní 1978, ní àkókò ìpàdé OAU ní Khartoum, Ààrẹ Omar Bongo pàṣẹ kí àwọn ọmọ Benin kúrò ní ilẹ̀ òun, àwọn tí ó tó 9,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì di ẹni tí ń kó ẹrù lójijì. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ńlá fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ohun tí apá ká nìkan ni ó bá wọn délé. Àwọn kan padà lọ lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ wọn sì tẹ̀ lé wọn, nítorí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé kò sí bí a ti lè mọ ohun tí ọmọ ìlú àjò ń wá lára kọ̀ǹpútà tí a kò bá kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹrù tí ó ṣeé gbé sábẹ́ apá ni ẹrù lójú rẹ̀.

Ní oṣù Ògún 1981, ilé iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan lè dá rà jáde. Kì í ṣe ìyára ni ó sọ ọ́ di baba ńlá gbogbo àpótí tí ó tẹ̀ lé e, nítorí pé ọpọlọ rẹ̀, 8088 tí Intel ṣe, kò ju 4.77 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì lọ, èyí tí ó kéré jù nínú wọn kò sì ní ju kílóbáìtì 16 mẹ́mọ́rì lọ. Ohun tí ó sọ ọ́ di baba ni pé ìdérí rẹ̀ ń ṣí, pé àyè márùn-ún wà nínú rẹ̀ tí a lè ki káàdì mìíràn bọ̀, àti pé IBM fúnra rẹ̀ tẹ ìwé tí ó tú àṣírí inú rẹ̀ síta fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe ẹ̀yà tí yóò bá a mu. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àṣà pé ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà kò rà á tán: bí owó bá tún wọlé lọ́dún tí ń bọ̀, yóò fi mẹ́mọ́rì kún un, yóò sì pààrọ̀ dísìkì. Lórí àṣà yìí ni gbogbo òwò àwọn ará wa nídìí kọ̀ǹpútà dúró lé, láti òpópónà Otigba ní Ìkẹjà títí dé ẹ̀gbẹ́ ọjà Mont-Bouët ní Libreville.

Ohun tí ó wá sọ òwò náà di ti tòkunbọ̀ ní ilẹ̀ Gabon ni ìpinnu oṣù Ṣẹẹrẹ 1994, nígbà tí wọ́n dín agbára owó CFA kù sí ìdajì, tí fáráǹkì Faransé kan tí a ti ń fi 50 fáráǹkì CFA gbà wá di 100. Ilẹ̀ ọjọ́ kan ṣú, ó mọ́, ohun gbogbo tí ó ń ti òkè òkun bọ̀ sì ti di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó ti ń fojú sọ́nà fún kọ̀ǹpútà tuntun gbé ojú kúrò, ó wá kọjú sí èyí tí ọ́fíìsì kan ní Paris tàbí Brussels ti lò fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n sì kó sínú kọntéínà. Àpótí ìgbà náà gùn, ó sì wúwo; ẹni tí ó bá gbé e láti èbúté Owendo dé àdúgbò Nkembo mọ̀ pé òun gbé ẹrù. Èyí tí ó wá láti Amẹ́ríkà tún ní ewu tirẹ̀: bọ́tìnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, 115 ní apá kan, 230 ní apá kejì, àti nítorí pé iná Gabon wà ní nǹkan bí 220 fóòtì, ẹni tí ó bá kì í bọ iná láìyí bọ́tìnì náà padà yóò gbọ́ ìró kan, èéfín yóò sì sọ ìyókù.

Gbogbo alángbá ni ó d'anú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá àwọn àpótí ọdún 2003 sí 2005 mu ju ti ìgbàkígbà lọ, nítorí pé ní àkókò náà ni kápásítọ̀ burúkú gba ilé iṣẹ́ àgbáyé kan, àwọn ẹ̀yà kékeré bí àgolo tí orí wọn ń wú títí tí omi inú wọn fi ń yọ; Dell, tí OptiPlex rẹ̀ wà lára àwọn tí ó fara gbá a jù, ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ ní 2005 láti fi wá ojútùú sí i. Àwọn ọ́fíìsì òkè òkun rí àtúnṣe gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó ra tirẹ̀ ní ìsọ̀ tòkunbọ̀ kò ní ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Ohun tí ó ní ni irin tí a fi ń jó òjé, àti ọmọ Ògún kan tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹ sì rántí irú ojú ọjọ́ tí a ń sọ: Libreville ń gba òjò tí ó tó nǹkan bí 2,800 mìlímítà lọ́dún, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì ń fẹ́ láti orí omi wá, tí ó ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Àpótí ńlá tí ó ní ihò káàkiri ara a máa mu ọ̀rinrin, a máa kó eruku, aáyán a sì máa yé sí i. Nígbà tí okùn SAT-3 tí ó gba abẹ́ òkun kọjá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wá yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ilé tí a ti ń sanwó wo íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ sí i, irú àpótí gìrìwò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń tò sábẹ́ tábìlì wọn, tí ooru wọn ń pa oníbàárà lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nísinsìnyí ni ibi tí ó dùn mọ́ mi jù. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún 2000 tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé kí ni àpótí náà fi tóbi tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni ó kún inú rẹ̀. Apple gbìyànjú Cube rẹ̀ ní 2000, ó wọ́n, ó sì kógbá wọlé ní ọdún kejì. VIA ní Taiwan gbé pátákó ẹ̀rọ tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 17 ní ìbú àti ní òró jáde ní 2001. Ṣùgbọ́n èyí tí ayé mọ̀ ni Mac mini ti Apple, tí Steve Jobs, olórí ilé iṣẹ́ náà, fi hàn ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2005: sẹ̀ǹtímítà 16.5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ní gíga, dọ́là 499 ní owó. Nínú owó CFA ìgbà náà, nǹkan bí 250,000 ni, kí owó ọkọ̀ àti owó ibodè tó gun orí rẹ̀. Àwọn tí ó rà á yìn ín pé ó rẹwà, pé kì í pariwo. Wọ́n sì bú u pé mẹ́gábáìtì 256 mẹ́mọ́rì tí ó bá a wá kò tó nǹkan kan, pé dísìkì rẹ̀, tí ó jẹ́ irú ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi mẹ́mọ́rì kún un yóò lọ wá ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí àwọn akunlé fi ń tẹ́ ògiri, yóò kì í bọ àárín ìdérí àti ìsàlẹ̀, yóò sì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbọ́ ‘kọ̀’. Ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ Apple fúnra wọn ń gbà ṣí i nìyí. Èmi kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ nínú ìtàn ẹ̀rọ rí.

Láti ìgbà náà ni ìtàn àpótí yìí ti di ìtàn ilẹ̀kùn, ọwọ́ kan ń ṣí i, ọwọ́ kejì ń tì í. Ní 2010, Apple fi ìdérí róbótó kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí a fi ọwọ́ lásán yí, mẹ́mọ́rì sì di ohun tí ọmọdé lè pààrọ̀. Inú àwọn oníǹkan dùn, ti ọdún 2012 sì di ààyò, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan kò fi fẹ́ fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjìlá. Ní 2014, wọ́n jó mẹ́mọ́rì mọ́ pátákó, wọ́n sì yọ èyí tí ọpọlọ rẹ̀ ní ojú mẹ́rin (quad-core) kúrò lórí àtẹ, ó wá ku olójú méjì. Ariwo sọ, àwọn tí ó ti ní ti 2012 sì rí i pé àgbà tí ó wà nílé yára ju ọmọ tuntun lọ nínú iṣẹ́ tí ó gba agbára. Ní 2018, mẹ́mọ́rì tún ṣeé yọ, ó sì lè dé gígábáìtì 64, ṣùgbọ́n ibi ìkẹ́rùsí ni wọ́n wá jó mọ́ ọn. Ní 2020, ọpọlọ M1 dé, ìyára rẹ̀ ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu, kì í gbóná, a kì í sì í gbọ́ fáànù rẹ̀. Ṣùgbọ́n gígábáìtì mẹ́jọ tàbí 16 tí ẹni bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni yóò máa bá a lọ títí ayé. Ti oṣù Ọ̀wàrà 2024, tí ó ní ọpọlọ M4, tún kéré sí i, kò ju sẹ̀ǹtímítà 12.7 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gígábáìtì 16 ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, dọ́là 599 sì ni owó rẹ̀, tí ó jẹ́ nǹkan bí 360,000 fáráǹkì CFA nígbà náà.

Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ti ọdún 2024 yìí, èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti bọ́tìnì tí a fi ń tàn án, tí wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ó di dandan kí a gbé àpótí náà díẹ̀ kí a tó lè tàn án. Àwọn ará Yúróòpù tí iná wọn kì í kú lè sọ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn ń fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó ń gbé ní àdúgbò Akébé tàbí Nzeng-Ayong ní Libreville, tí iná lè kú kí ó tún dé lẹ́ẹ̀mẹta kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, yóò mọ ohun tí bọ́tìnì abẹ́ ìdí túmọ̀ sí. Kí ó má ṣe gbàgbé pé ibì kan wà nínú ètò ẹ̀rọ náà tí a lè ti pàṣẹ fún un pé kí ó máa dìde fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá padà.

Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́, àwọn àpótí Apple kọ́ ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ará wa. Intel bẹ̀rẹ̀ sí ta NUC rẹ̀ ní nǹkan bí 2012 sí 2013, àpótí tí ó tó àtẹ́lẹwọ́, tí oníǹkan yóò fúnra rẹ̀ ra mẹ́mọ́rì àti dísìkì sí. Ó ta á fún bí ọdún mẹ́wàá, ó sì jáwọ́ nínú rẹ̀ ní oṣù Agẹmọ 2023, ASUS sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Láàárín àkókò kan náà ni Lenovo mú ThinkCentre Tiny wá, tí HP mú EliteDesk Mini, tí Dell sì mú OptiPlex Micro. Àwọn mẹ́ta yìí jọ ara wọn bí ọmọ ìyá: nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18 ní ìbú àti ní òró, mẹ́ta àbọ̀ ní nínípọn, ìwọ̀n tí ó lé díẹ̀ ní kílò kan. Àwọn ọ́fíìsì òkè òkun ń rà wọ́n lọ́gọ́ọ̀rọ̀, wọ́n ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń kó wọn dànù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, láì ka bí wọ́n ti ṣì lágbára tó. Àwọn wọ̀nyí ni tòkunbọ̀ àtàtà. Àyè tí àpótí ńlá kan ń gbà nínú kọntéínà, mẹ́wàá irú wọn lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó sì ń bọ̀ láti Èkó tàbí Kútọnu lè fi aṣọ yí méjì ká nínú báàgì kí ó gbé wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí àpótí wọ̀nyí a máa rò pé ohun ìṣeré ni, pàápàá bí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ agbéraga tí ó ń dúró sábẹ́ tábìlì; ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń fi í tẹ ìwé, tí ó ń fi í ṣe àkọsílẹ̀ ọjà, tí ó ń fi í tẹ káàdì ìpè àti ìwé ìsìnkú ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún ará àdúgbò, ohùn wọn ṣọ̀kan lórí nǹkan mẹ́ta. Èkíní ni iná. Ọpọlọ tí wọ́n fi sínú púpọ̀ nínú wọn kì í sábà jẹ ju nǹkan bí wáàtì 35 lọ, ṣájà oníwáàtì 65 bí ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó ń gbé wọn, èyí tí ó gba 100 fóòtì títí dé 240, tí ọ̀rọ̀ bọ́tìnì pupa àtijọ́ fi di ìtàn. Bátìrì tí ń gba iná sílẹ̀, tí kì í lè gbé àpótí ńlá ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, a sì máa gbé èyí pẹ́ tí ẹni yóò fi parí lẹ́tà rẹ̀. Èkejì ni pé wọ́n ṣeé kó pamọ́: bí òjò bá fẹ́ wọlé, bí onílé bá ní kí a jáde, ẹrù apá kan ni. Ẹ̀kẹta ni ìdérí, sukurú kan péré ni ó di púpọ̀ nínú wọn mú.

Lórí ìyára, ohun tí àwọn tí ó ní i ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn tí ń polówó ń sọ, ti oníǹkan ni mo sì gbà gbọ́. Olùpolówó a máa sọ̀rọ̀ ọpọlọ, i5 tàbí i7. Ṣùgbọ́n ohun tí ń sọ àpótí tí ọpọlọ Intel rẹ̀ jẹ́ ti ìran kẹrin tàbí ìkẹfà di òkú lọ́wọ́ oníṣẹ́ kì í sábà jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, dísìkì tí ń yí ni. Dísìkì ayí-bírí-bírí kò sábà gbé ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 100 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá fi SSD onísátà, dísìkì tí kò ní ohun tí ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀, ó lè ju 500 lọ, kọ̀ǹpútà tí a ti ń tàn kí a tó lọ pọn omi yóò sì dìde kí a tó fa àga. Lẹ́yìn èyí ni mẹ́mọ́rì. Gígábáìtì mẹ́rin kò tó fún ohunkóhun mọ́. Mẹ́jọ ń gbéni ró. 16 ni ọkàn ti ń balẹ̀. Ó sì dára kí a fi ẹyọ méjì tí ó bára mu sínú rẹ̀ ju kí a fi ẹyọ kan ńlá sí i, nítorí pé inú mẹ́mọ́rì yìí náà ni ẹ̀yà tí ń ya àwòrán ti ń bu tirẹ̀, bí ọ̀nà bá sì di méjì, àwòrán á máa rìn geere. Àwọn ti ìran kẹfà gba gígábáìtì 32 mẹ́mọ́rì DDR4, ti ìran kẹjọ lè gba 64. Àwọn ti ìṣáájú wọn, DDR3 ni wọ́n ń jẹ. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta yìí, ọpọlọ pàápàá ṣeé yọ kí a sì fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ìran kan náà rọ́pò, ohun tí NUC kò gbà.

Àléébù wọn kò pamọ́. Káàdì ńlá fún eré àti fídíò kò ráyè wọlé sínú púpọ̀ nínú wọn. Fáànù wọn kéré, tí eruku bá sì dí i, a máa hu bí ẹ̀fọn létí, ọpọlọ a sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ó má baà jóná. Ní ìlú tí ọ̀rinrin rẹ̀ pọ̀ tó ti Libreville, ẹni tí kò bá fẹ́ eruku kúrò nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ráhùn. Ọ̀rọ̀ ṣájà sì le: ti Lenovo sábà máa ń tẹ́, ó ní igun mẹ́rin, ti HP ṣe róbótó pẹ̀lú ẹnu búlúù, ti Dell sì ní abẹ́rẹ́ kan láàárín tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀, ẹni tí ó ra àpótí láìsí ṣájà rẹ̀ lè máa rìn káàkiri Mont-Bouët fún ọjọ́ púpọ̀. Kí n má tilẹ̀ sọ ti bọ́tìnì ìtẹ̀wé. Ti Faransé, tí ó fi A sí ibi tí Q wà, tí ó fi Z sí ibi W, tí kò jẹ́ kí a rí nọ́ńbà tẹ̀ àfi kí a di bọ́tìnì mìíràn mú, ti dá họ́wùhọ́wù sílẹ̀ láàárín ọmọ Èkó àti ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan. Kò sì sí èyí tí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí ẹ, ọ àti ṣ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ó di 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025, Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10, ètò tí púpọ̀ nínú àwọn àpótí wọ̀nyí fi ń ṣiṣẹ́. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kì í gba ọ̀pọ̀ ọpọlọ Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ, bí ó ti wù kí a fi mẹ́mọ́rì kún wọn tó. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà kan la àárín àwọn àpótí tí ojú kò lè fi mọ ìyàtọ̀ wọn. Èyí tí ó jẹ́ ti 2016 wà ní apá kan, ti 2018 wà ní apá kejì. Àwọn tí ó gbọ́n lò ó láti ra ti ìran kẹfà ní ẹ̀dínwó, wọ́n fi ètò Linux rọ́pò Windows lórí rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn láìsí ìṣòro. Àwọn tí kò mọ̀ ra á ní owó ìran kẹjọ. Ní ìparí ọdún kan náà ni owó mẹ́mọ́rì gun òkè ní gbogbo àgbáyé, nítorí pé àwọn ilé ẹ̀rọ ńlá tí ń kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá ń gbá a jọ, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó sọ pé òun yóò fi kún un lọ́la lè bá ọ̀la ní ìlọ́po owó.

Ọdún 2025 kan náà ni ìtàn àlejò tún yí padà ní Gabon. Ní 12 oṣù Ògún, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà lábẹ́ Ààrẹ Brice Oligui Nguema kéde pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan ti di ti ọmọ onílẹ̀ nìkan, àtúnṣe fóònù àti ti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí ń lo iná sì wà nínú wọn, pẹ̀lú ọjà títà ní àdúgbò. Èmi kò ní bá onílé jà nítorí pé ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ kì í fò láti orí ẹnì kan bọ́ sí orí ẹlòmíràn ní ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti ń gbé àpótí rẹ̀ lọ fún ará Kétu láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oníṣẹ́ rẹ̀ lè má sí níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Libreville, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹrù ránṣẹ́ sí wọn láti Ìkẹjà, ẹ má ṣe ra àpótí tí a kò lè ṣí níṣojú yín. Ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ rí i pé àyè mẹ́mọ́rì méjì wà níbẹ̀, ẹ béèrè ìran ọpọlọ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè owó rẹ̀, ẹ kọ́ bí a ti ń yọ dísìkì àti fáànù fúnra yín, kí ẹ sì rí i pé ṣájà tí ó bá a wá láti ilé wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀.